Ìtàn Tí Ó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Wa ní Ilẹ̀ Òkun

 

Bí a bá bi ọmọ kéú kan léèrè ní Kàbà pé ta ni Firiáónà, yóò dáhùn kí a tó pa ẹnu dé. Yóò sọ ti ìran Ádì àti ìran Thamúdù pẹ̀lú, àti bí wọ́n ṣe gbẹ́ ilé sínú àpáta. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé níbo ni àwọn baba ńlá tirẹ̀ ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí, ojú ni yóò máa wò wá. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Ohun tí a kò kọ́ ọmọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Ìdí rèé tí inú wa fi máa ń dùn nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ìpàdé rẹ̀, tí wọ́n pe onímọ̀ kan wá kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ilẹ̀ wọn, dípò kí ó jẹ́ kìkì owó ìdá àti aṣọ ẹgbẹ́ ni wọn yóò máa sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Sussex dá ẹgbẹ́ ìwádìí ohun àtijọ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1846, ó sì wà títí di òní. Nílé níbí, kò pẹ́ tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀ tí Isaac Akínyẹlé ti ń kó ìtàn jọ lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàdàn, ó sì tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. Òun náà ni ó jẹ Olúbàdàn lẹ́yìn èyí. Àwa ará Òkun ńkọ́? Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a ṣàlàyé ohun tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lè kọ́ wa, pẹ̀lú díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí ní ilẹ̀ wa níbí.

Kí a tó lọ jìnnà, kí ọmọdé tí kò mọ̀ lè mọ̀: ìkíni wa, "òkun o," ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní Òkun. Owé tí í ṣe ará Kàbà, Ìjùmú, Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni a jẹ́. Ìpínlẹ̀ Kogí tí a wà nínú rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀, nítorí 27 Oṣù Kẹjọ 1991 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kò mọ orúkọ ìpínlẹ̀ kankan.

OHUN TÍ ILẸ̀ Ń SỌ

Àwọn tí a ń pè ní awalẹ̀pìtàn kì í wá wúrà. Ohun tí àwọn ará ìgbàanì jù nù ni wọ́n ń wá: àpáàdì, eérú inú ààrò, ekùrọ́, egungun ẹran tí wọ́n jẹ, ìdàrọ́ tí ó kù níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń yọ́ irin. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní pàǹtírí ni wọ́n ń kó. Òótọ́ sì ni, pàǹtírí ni. Ṣùgbọ́n pàǹtírí kì í parọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àkìtàn ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ, ọ̀rá omi ni ẹ ó kọ́kọ́ bá. Bí ẹ bá jinlẹ̀ díẹ̀, agolo mílíìkì tí ó ti dógùn-ún ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abọ́ tánganran tí ó ti fọ́, bí ẹ bá sì tún lọ sísàlẹ̀, ẹ ó dé ibi tí kò sí nǹkan mìíràn àfi àpáàdì ìkòkò amọ̀. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn ṣe ń ka ilẹ̀, ní ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni ń ṣí ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìdí rèé tí ó fi máa ń bí wọn nínú bí ẹnìkan bá ti fi ṣọ́bìrì da ilẹ̀ náà rú ṣáájú wọn, nítorí ìwé tí a ti fa ojú ewé rẹ̀ ya tí a sì dà á pọ̀ kò ṣe é kà mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ọdún? Ẹ̀ẹ́dú ni. Gbogbo ohun tí ó ní ẹ̀mí, igi àti ẹran àti ènìyàn, ni ó ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 sínú ara. Ọjọ́ tí ó bá kú, kò tún gba òmíràn mọ́, èyí tí ó wà lára rẹ̀ yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bí 5,730 ọdún bá kọjá, ìdajì péré ni yóò ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ẹ̀ẹ́dú nínú ààrò àtijọ́, wọn yóò wọn èyí tí ó kù, wọn yóò sì ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn. Willard Libby ará Amẹ́ríkà ni ó gbé ọgbọ́n yìí jáde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Kò fúnni ní ọjọ́ gan-an o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó tó báyìí, ó lè fi ọgọ́rin ọdún lé, ó sì lè fi ọgọ́rin ọdún dín.

Ó dára, kí ni wọ́n wá rí lọ́dọ̀ wa? Ní àwọn ọdún 1980, awalẹ̀pìtàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Philip Oyelaran wa ilẹ̀ lábẹ́ àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Itaakpa, nítòsí Ifẹ̀-Ìjùmú. (Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Itakpe, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta irin lẹ́bàá Òkénè. Ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀.) Irú àpáta tí ó ta orí síta bí ìbòòji ni, tí òjò kò lè pa ẹni tí ó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó bá òkúta kéékèèké tí ènìyàn gbẹ́ láti fi gé nǹkan níbẹ̀, ó bá àpáàdì, ó sì bá egungun ènìyàn, ìyẹn egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọdún rẹ̀, ó bọ́ sí nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Ànábì Ísà. Èyí jẹ́ nǹkan bí 900 ọdún kí Ànábì Muhammad tó ṣí láti Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ènìyàn ti ń dáná, ó ti ń mọ ìkòkò, ó sì ti ń sin òkú rẹ̀ ní Ìjùmú.

Èyí kọ́ ni ó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wa egungun ènìyàn jáde ní Ìwó Elérú, nítòsí Ìsàrun, lágbègbè Àkúrẹ́. Ọdún rẹ̀ lé ní 11,000. Ṣùgbọ́n Itaakpa ni tiwa, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Kàbà rárá.

IFẸ̀ ŃKỌ́? MẸ́KÀ ŃKỌ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ariwo nínú ìpàdé. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni wọ́n ń sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni Ifẹ̀ di ìlú ńlá tí ó ń rọ ère idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Bí ènìyàn bá ti wà ní Itaakpa ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí Ifẹ̀ tó di ìlú ńlá yẹn, a jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà níbí ni ó ti Ifẹ̀ wá.

Olóògbé Adé Ọbayẹmí, ọmọ ilẹ̀ Òkun tí ó di olórí àjọ ìṣẹ̀m̀báyé ti gbogbo Nàìjíríà, ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì gbangba ní àwọn ọdún 1970. Ó ní àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa, tí olúkúlùkù ní olórí tirẹ̀ tí kò sì sí ọba ńlá kan lórí gbogbo wọn, ni irú ìlú tí ó ti wà kí àwọn ìjọba ńlá bíi Ọ̀yọ́ tó dìde, kì í ṣe pé a jẹ́ èérún tí ó já bọ́ lára Ọ̀yọ́. Èdè wa náà jẹ́rìí sí i. Akinkugbe, tí ó fi èdè Yorùbá, Ìtsẹkírì àti Ìgálà wé ara wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà pé apá ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé ni ìyá wọn ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí a wà lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé a kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ṣé èyí wá sọ ìtàn àwọn àgbà di irọ́? Ní èrò tèmi, rárá. Ọmọ ọba kan lè ti Ifẹ̀ wá, kí ó bá ènìyàn nílẹ̀, kí wọ́n fi í joyè, kí gbogbo ìlú sì wá máa fi ìtàn rẹ̀ ṣe ìtàn wọn. Egungun kò sì lè sọ èdè tí ẹni tí ó ni ín ń sọ. Ohun tí kò yẹ kí a ṣe ni pé kí a fi agídí sọ ìkan kí a sì fi pa èkejì.

Ọ̀rọ̀ Mẹ́kà ni ó kan àwa Mùsùlùmí gan-an. Muhammad Bello ọmọ Shehu Usman kọ ọ́ ní 1812 nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Infáàkù al-Maysúrì pé ìran Yorùbá ti ìlà-oòrùn wá. Samuel Johnson, àlùfáà Kírísítẹ́nì, náà kọ ti Lámúrúdu àti Mẹ́kà sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ìtàn yìí dùn létí wa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tí a tíì wà jáde nínú ilẹ̀ tí ó gbè é lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kì í ṣe ìbátan Lárúbáwá, àfi àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá bí àlùbáríkà àti àlááfíà. Ìgbàgbọ́ wa kò sì dúró lórí pé baba wa jẹ́ ará Mẹ́kà. Bìláálù kì í ṣe Lárúbáwá.

ẸNU ÀGBÀ

Ọmọ kéú ní ohun kan tí ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́ ju ọmọ ilé-ìwé mìíràn lọ. A kọ́ wa pé hadíìsì ní ìsnáàdì: ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta ni, ṣé wọ́n bá ara wọn láyé, ṣé olóòótọ́ ni wọ́n, ṣé iyè wọn pé. Ọ̀nà yìí kan náà ni kí a fi gba ìtàn ìlú. Bí bàbá kan bá sọ pé orí òkè báyìí ni ìlú wà tẹ́lẹ̀, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ta ni ó sọ ọ́ fún yín? Ṣé òun náà gbé ibẹ̀, àbí wọ́n sọ ọ́ fún un ni?" Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sílẹ̀. Bí agboolé mìíràn bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ẹ kọ tiwọn náà, ẹ má bá wọn tún un ṣe.

Ibn Khaldun, tí ó kọ Mukadímà rẹ̀ ní 1377, tún fi ohun kan kún un. Ó ní ìsnáàdì nìkan kò tó fún ìtàn ayé, a gbọ́dọ̀ bi ara wa bóyá ohun náà lè ṣẹlẹ̀. Ó fi àwọn tí wọ́n sọ pé ọmọ ogun Ànábì Músà tó 600,000 ṣe àpẹẹrẹ, ó béèrè pé ilẹ̀ wo ni irú ogun bẹ́ẹ̀ yóò tò sí. Nígbà tí a bá gbọ́ pé jagunjagun kan ní ìlú wa nìkan ni ó pa ẹgbẹ̀rún ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí a rántí Ibn Khaldun.

Èdè Lárúbáwá tí à ń kọ́ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ní Ìlọrin, Ahmad ọmọ Abu Bakr kọ ìtàn àwọn ẹ́míà ìlú rẹ̀ ní Lárúbáwá ní 1912. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́tà, ìwé ogún, ìwé gbèsè, ṣì wà nínú àpótí ní ilé àwọn àáfà, ikán sì ń jẹ wọ́n. Ta ni yóò kà wọ́n bí kì í bá ṣe àwa?

OGUN TÁPÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ba ọ̀rọ̀ tí ó ṣòroó sọ. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà kó ilẹ̀ Òkun lẹ́rú léraléra. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, bí owó kò bá sì tó, ènìyàn ni wọ́n ń kó. Àwọn ìlú sá gun orí òkè. Ìdí rèé tí ẹ fi máa ń rí òkìtì òkúta tí ó tò bí ìpìlẹ̀ ilé, àti ojú ọlọ tí ó ti jinlẹ̀ sára àpáta, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé mọ́. Ní 1854, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tí Sigismund Koelle, òyìnbó ará Jámánì, kó àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ ní Freetown lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Èdè Ìyàgbà wà nínú rẹ̀, ti Ìjùmú wà níbẹ̀, ti Ọ̀wọ́rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ wa ni àwọn tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Wọ́n ti rìn jìnnà.

Ní Oṣù Kìíní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company lábẹ́ George Goldie gba Kàbà, wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà kí oṣù náà tó parí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí tiwa nìkan ni wọ́n ṣe jà. Ilẹ̀ àti òwò ni wọ́n ń wá.

Àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ kí a sọ ti ogun yìí ní mọ́ṣáláṣí, nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn tí wọ́n wá kógun jà wá, wọ́n sì so orúkọ jíhádì mọ́ ọn. Ọbayẹmí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1978. Èyí tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé ẹrú àti ìṣákọ́lẹ̀ ni ogun náà kó lọ, kì í ṣe olùkọ́ ni ó mú wá. Mo rò pé ó wà lára ohun tí ó fà á tí Mùsùlùmí kò fi pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun títí di òní. Bí àwa bá dákẹ́, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ fún ọmọ wa, wọ́n sì lè sọ ọ́ bíi pé ẹ̀sìn gan-an ni ó pa á láṣẹ. Ọmọ Tápà tí a jọ ń kírun lónìí kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. A lè sọ òótọ́ kí a sì jọ jókòó lórí ẹní kan.

BÍ A ṢE LÈ ṢE É

Ìpàdé irú èyí kò ná owó púpọ̀. Yàrá kíláàsì kan tó, àti ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, àti ẹni tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kí a máa pè. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ òfì ìdúró mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, ni ó wá jókòó ní Bùnú tí ó sì kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn, tí wọ́n tẹ̀ ní 1995, pẹ̀lú aṣọ ipò pupa tí wọ́n fi ń ṣe òkú àgbà, tí wọ́n ń fi òwú tí wọ́n tú lára aṣọ òyìnbó hun. Ó dára tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti bi ìyá tirẹ̀?

Àwọn kan á ní nǹkan kèfèrí ni gbogbo èyí. Ìkòkò tí ìyá kan fi se ẹ̀wà fún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe òrìṣà. Kùránì fúnra rẹ̀ sọ fún wa, ní Súrátù Rúúmù àti ní ibòmíràn, pé kí a rìn lórí ilẹ̀ kí a sì wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ṣáájú. Ibùgbé Thamúdù tí à ń kà nípa rẹ̀, al-Hijr, ni ibi àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Saudi fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, ní 2008.

Ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yẹ fún ìrántí. Ère òkúta tí ó pọ̀ jọjọ wà nínú igbó níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń tọ́jú wọn láti ìgbà pípẹ́. Ní 1933, alábòójútó ilé-ìwé kan, Ramshaw, kọ̀wé ròyìn wọn. Ní 1945, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀m̀báyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀. Láti ọwọ́ ará ìlú àti ẹni tí ń rí sí ilé-ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń ba ni lẹ́rù ni pé ilẹ̀ kò dúró dè wá. Àwọn tí ń fọ́ òkúta ń fi àdó fọ́ àpáta, katapílà ń la ọ̀nà, àwọn oníṣòwò sì ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń fi owó kékeré ra ohun àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Òfin 77 ti 1979, èyí tí ó dá àjọ ìṣẹ̀m̀báyé sílẹ̀, kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni wa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí àpáàdì tàbí òkúta tí ènìyàn gbẹ́ lóko, ẹ má wà á. Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tí ó wà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ orúkọ oko náà àti ti ẹni tí ó ni ín, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ yín. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, a sì lè kọ̀wé sí wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá àgbà kan sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ìlú rẹ̀ wà kí ó tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìsnáàdì rẹ̀, kí ó sì mú un wá sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí kí sáà tó ń bọ̀ tó parí.